Ijó, Ère àti Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ìrìn Ara

 

Lẹ́tà ìyá kan láti Mowe ni ó wà níwájú mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Kí ó má baà jókòó lásán títí yóò fi wọ yunifásítì, ó ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Ibafo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ náà gbé nǹkan kan wálé. Ẹyẹ ni, ó fi àwókù irin ṣe é, ó fi mọ́tò kékeré sí i nínú, wáyà sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì, ó dúró níwájú rẹ̀, ó gbé apá sókè. Ẹyẹ irin náà gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè. Ó rẹ apá sílẹ̀, ẹyẹ náà rẹ ìyẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré inú ilé hó yèè.

Ìgbà náà ni ọmọ yìí sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe nìyẹn: kí òun máa ṣe ère tí yóò máa bá oníjó dáhùn lórí ìtàgé.

Ìyá náà kọ̀wé báyìí pé: “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dá àjọ nítorí ìwé ọmọ yìí. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ó ṣe. Ìyá mi tí ó wà ní Ifo ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kí ó ṣe ohun tí Ọlọ́run fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bínú, ó ní ọmọ Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ di onígẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, irú iṣẹ́ wo ni èyí? Ṣé ènìyàn ń rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀? Ṣé kí n ná owó àjọ mi sí i?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè gidi nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ń jí ní òru láti bá mọ́tò Èkó lọ, ẹ mọ ohun tí owó àjọ ọdún mẹ́fà jẹ́. Nítorí náà, n kò ní kánjú dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a dì pọ̀ níbẹ̀. Èkínní ni ijó. Èkejì ni ère, ìbáà ṣe ti igi tàbí ti irin. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìrìn ara, tí yóò rí ẹsẹ̀ àti apá oníjó, tí yóò sì sọ fún ère, tàbí fún iná, tàbí fún ohùn orin, pé, “Ó ti gbé apá o, ìwọ náà ṣe tìrẹ.” Bí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ó kù kì í ṣe iṣẹ́ yìí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyá yìí rò pé èébú ni òun sọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kan òtítọ́. Ifo tí ìyá àgbà ń gbé kò jìnnà sí ilẹ̀ Yewa. Ojú irin àtijọ́ kan tilẹ̀ yà láti Ifo lọ sí Ilaro àti Idogo. Ní ilẹ̀ Yewa náà, títí dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ni àwọn ènìyàn ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ayébáyé. Ère igi ni wọ́n ń gbé lórí jó. Nínú àwọn ère náà, àwọn kan wà tí àwòrán orí wọn ń mira: oníjó ń fa okùn lábẹ́ aṣọ, àwòrán orí ère a sì máa lọ, a máa bọ̀. Irin tí ń dún wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti ń tẹ ilẹ̀ ni ìró ń jáde. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ọmọ Mùsùlùmí lọ gbé ère lórí. Ẹ̀sìn tí ó wà nídìí ijó náà kì í ṣe tiwa, ọ̀rọ̀ ère ṣíṣe sì jẹ́ ohun tí ọmọ yìí àti ìyá rẹ̀ yóò jókòó bá àwọn alfa wọn sọ. Ọgbọ́n ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí. Kí òyìnbó tó mú wáyà dé, àwọn ènìyàn wa ti mọ bí a ti ń mú kí ère máa dáhùn sí ara tí ń jó.

Ẹ tún wo onílù wa. Nígbà tí ìyá ìlù bá ń lù níbi ìgbéyàwó, ṣé awọ ìlù ni onílù ń wò? Rárá o. Ẹsẹ̀ ìyàwó ni ó tẹjú mọ́. Bí ìyàwó bá rọra ṣe é, òun náà a rọra. Bí ó bá yára, ìlù a yára. Ohun tí onílù ń fi ojú àti ọgbọ́n orí ṣe yìí ni ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti ṣe.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ti ń rí ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun èlò ilé ṣàlàyé. Gbogbo wa mọ ajere, ìkòkò oníhò tí a fi ń sá ẹran lórí iná. Bí o bá gbé fìtílà sínú ajere nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, wàá rí àmì iná kéékèèké káàkiri ara ògiri. Bí ọmọ kan bá kọjá níwájú ògiri náà, àwọn àmì iná tí ó bọ́ sí ara rẹ̀ a kúrò ní ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo bí wọ́n ti yẹ̀, lè ṣírò bí ọmọ náà ti jìnnà tó.

Bí ẹ̀rọ Kinect ti ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Microsoft ni ó gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 fún eré ọmọdé. Iná tí ojú ènìyàn kò lè rí ni ó ń tàn, kámẹ́rà rẹ̀ sì ń ka àwọn àmì náà ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń wá oríkèé ara 20: orí, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 8 ni wọ́n tà. Kò sì pé oṣù kan tí àwọn onímọ̀ fi tú ọgbọ́n inú rẹ̀ jáde, tí àwọn oníjó àti àwọn aṣère fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iṣẹ́ tiwọn. Ní 2017 ni Microsoft ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2020 Google gbé ètò kan jáde tí ń fi kámẹ́rà fóònù lásán mọ ibi 33 ní ara ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọmọ Mowe fi lè fi kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá nìkan lè ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sórí ìtàgé kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1965, ní New York, Merce Cunningham àti àwọn oníjó rẹ̀ jó eré kan tí wọ́n pè ní Variations V, John Cage ni ó ṣe ètò orin rẹ̀. Wọ́n ri òpó irin mọ́ orí ìtàgé; bí oníjó bá ti sún mọ́ òpó, ohùn a yí padà. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ tí ń mọ ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, tí ohùn fi ń yí padà bí oníjó bá gba iwájú iná kọjá. Ní 1999, Cunningham yìí kan náà ṣe BIPED, nínú èyí tí àwòrán ńláńlá tí a fà jáde láti inú ìrìn ara oníjó ń jó pẹ̀lú àwọn oníjó fúnra wọn. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọdé nìkan ni ẹ̀rọ wà fún, ẹ gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Ní 2017, Nàìjíríà ní yàrá tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí ń wáyé ní Venice ní Ítálì. Ẹni mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Victor Ehikhamenor. Èkejì ni Peju Alatise, obìnrin tí ó kọ́ ìmọ̀ yíyàwòrán ilé ní yunifásítì Ladoke Akintola ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó gbájú mọ́ ère. Ẹ̀kẹta ni Qudus Onikeku, oníjó ọmọ Èkó tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá orí ìtàgé ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì padà wá dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní Èkó. Ère ti Alatise àti ijó ti Onikeku wà nínú ilé kan náà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ère ti Alatise yìí. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ni, wọ́n ga bí ọmọ gidi, wọ́n sì ní ìyẹ́. Ìtàn ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó ni wọ́n ń sọ. Lójú àlá nìkan ni ó ti ń rí òmìnira, tí ó sì ń fò. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ó lè wà nínú ilé yín báyìí tí ẹ ń kàwé yìí lọ́wọ́, tí ó ń fọ abọ́. Ère kò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó bi wá ní ìbéèrè. Nígbà tí mo sì kà nípa ẹyẹ irin ọmọ Mowe yìí, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ yìí náà ní ohun kan tí ó fẹ́ sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé obìnrin kì í bá irin ṣeré, kí ó gbọ́ nípa Sokari Douglas Camp. Ọmọ Kalabari ni, láti Buguma. Ní London ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Irin ni ó fi ń ṣe egúngún ilé wọn, ó sì fi mọ́tò sí àwọn kan tí wọ́n fi ń mira. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ni ó ń gbé egúngún ní Kalabari. Ní 1988, ilé ọnà Áfíríkà ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ta ọjà fún yín láì sọ àléébù rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ní ibi tí ojú rẹ̀ fọ́ sí. Oòrùn máa ń da irú ti Kinect láàmú, nítorí pé oòrùn náà ń tan irú iná tí ẹ̀rọ ń lò. Inú ilé tàbí alẹ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Aṣọ wa náà ń dà á rú. Bí obìnrin bá wọ jálàbíà tí ó balẹ̀, tàbí híjáàbù tí ó bo apá, kámẹ́rà kò rí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ mọ́. Ó ń méfò ni. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú fóònù yín tí ń mọ̀ pé ẹ ti dá fóònù dùbúlẹ̀ tàbí pé ẹ nà án ró. A lè so irú rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Irú èyí kò wo ènìyàn rárá. Ìrìn nìkan ni ó ń gbọ́. Obìnrin tí ó bo ara rẹ̀ pátápátá lè lò ó kí ère sì dá a lóhùn, láìsí pé kámẹ́rà kan ń wo ara rẹ̀.

Àléébù kejì burú ju ti aṣọ lọ. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Joy Buolamwini, ọmọ Ghana ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọnà kan ni ó ń ṣe tí ó gba kí kámẹ́rà rí ojú rẹ̀. Kámẹ́rà kò rí i. Ó mú ìbòjú funfun kan, ó fi bo ojú. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ rí ìbòjú! Ó wá ṣe ìwádìí, òun àti Timnit Gebru, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé àwọn ètò tí ń fi ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin ń ṣi obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ̀ tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju ìdá 0.8 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ kò ní àwọn ènìyàn wa tó nínú. Ẹ̀yin ìyá, bí àwọn ọmọbìnrin wa kò bá sí níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì kan gbogbo ilé tí ọmọ ti ń fi fóònù jó: ta ni ó ni ijó? Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gba ìrìn ara sílẹ̀, ó di ohun tí a lè tà. Ní 2018, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, tí 2 Milly àti Alfonso Ribeiro wà lára wọn, pe ilé iṣẹ́ Epic Games lẹ́jọ́ pé ó fi ijó àwọn sínú eré Fortnite, ó sì ń tà á. Ní 2019 wọ́n fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Kyle Hanagami, tí ó ti forúkọ ijó tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kò jẹ́ kí ẹjọ́ tirẹ̀ kú. Ní 2023 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìṣòro yìí kan náà ni Qudus Onikeku ń wá ojútùú sí pẹ̀lú ètò rẹ̀ tí ó pè ní Atunda, tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ fi dá ijó mọ̀, kí ẹni tí ó dá a lè rí owó rẹ̀ gbà. Òfin wa náà kò sùn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ti 2022 ka ijó tí a tò mọ́ ohun tí òfin ń dáàbò bò, bí ó bá ti wà lórí ohun tí a lè padà wò. Ijó tí a jó lásán, tí a kò gbà sílẹ̀, ẹ̀fúùfù ti gbé e lọ. Òfin ti 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ ẹni sì sọ pé kí wọ́n tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé 18, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà.

Ó yá, ìyá Mowe, ìdáhùn rẹ rèé. Ṣé ènìyàn ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí? Díẹ̀ ni àwọn tí ń jẹun nídìí rẹ̀ nìkan, òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ owó wọn ti ń wá. N kò ní parọ́ fún ọ. Ní Mowe, ní Ibafo tàbí ní Ifo, n kò rí ẹni tí yóò máa san owó oṣù fún ère tí ń jó. Ṣùgbọ́n tú iṣẹ́ náà wò. Irin dídè ń bọ́ ènìyàn. Wáyà àti mọ́tò títò ń bọ́ ènìyàn. Ètò kọ̀ǹpútà kíkọ ń bọ́ ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìrìn ara yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn ń lò láti wo ìrìn ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. O rí i pé ọ̀nà nọ́ọ̀sì tí o fẹ́ àti ọ̀nà ọmọ rẹ kò jìnnà síra tó bí o ti rò.

Má ná gbogbo owó àjọ sórí ẹyẹ. Jẹ́ kí ọmọ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ibafo, kí ó gba fírídọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ẹ̀kọ́ tí ó ní ọwọ́ nínú: ère ní Yaba College of Technology, tàbí ìmọ̀ iná mànàmáná ní Pólì Ilaro tí ìyá àgbà Ifo lè máa yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí yíyàwòrán ilé bíi Alatise. Yá apá díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà fún irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ó sì máa gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣe é.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́ kí ó wá wo ẹyẹ náà kí ó tó dájọ́. Ìwọ náà, ní alẹ́ tí iná bá wà, lọ dúró níwájú rẹ̀ kí o gbé apá sókè. O kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ bóyá o ti dán an wò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè gbogbo ọmọ wa.